Lẹ́tà Tí Mo Kọ Sí Ẹ̀gbọ́n Mi Lórúkọ Ìjọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ ìtàn ayé yín ránṣẹ́ síbí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà yín. Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń ní ọ̀rẹ́ burúkú ló tì yín sí i, tàbí kẹ́ ẹ ní iṣẹ́ èṣù ni. Èmi ò rí ẹnì kankan tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ojú ọ̀sán gangan ni mo ṣe tèmi, mo ti jẹun, ara mi sì le.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́ ní Pólì, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni mo sì ń tún ṣe láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Iṣẹ́ mi kejì, tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún mi, ni ẹ̀fẹ̀. Mo ti lẹ "Ẹ má jókòó, ọ̀dà tútù" mọ́ àga ọ̀gá wa rí, tó fi wà lórí ìdúró fún ìpàdé wákàtí méjì. Mi ò rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín tí mo bá ń ṣe é. Ìdí tí wọ́n fi máa ń gbà mí gbọ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìdínlógójì. Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sórí ìwé, òótọ́ ni lójú tiẹ̀. Bí rédíò bá ní òjò máa rọ̀, á ní wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá kà á nínú ìwé ìròyìn, á mú agbòjò dání, kódà kí oòrùn máa jó o lórí. Gbogbo ìwé tó ti kan ọwọ́ rẹ̀ láyé ló wà nínú fáìlì, láti orí ìwé ìbí títí dé lẹ́tà tí wọ́n fi lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Àwa méjèèjì la ṣẹ́kù nínú ọmọ bàbá wa. Òun ló tọ́ mi dé Pólì. "Ẹ̀ńjíníà" ló máa ń pè mí, kì í sì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní oṣù tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, káàdì ìlera ló gbà á lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹni tí kò tíì kàn kì í mọ̀. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ló ń san owó ilé ìwòsàn fún un. Ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì, ìyẹn parí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un láti ọjọ́ tó kúrò níbi iṣẹ́. Bí oṣù mẹ́fà yẹn bá ti kọjá, wọ́n ti tilẹ̀kùn nìyẹn. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tún ṣí i fún gbogbo ayé lọ́dún tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ó tún di oṣù mẹ́ta kí káàdì tó ṣiṣẹ́.

Mo mọ gbogbo èyí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mo mọ̀ ọ́n. Ọ́fíìsì ètò náà wà lára àwọn ibi tí mò ń lọ tún ẹ̀rọ ṣe. Ìkéde wọn wà lára ògiri lókè orí ẹ̀rọ náà gan-an. Mo máa ń kà á nígbà tí mo bá ń dúró kí ẹ̀rọ gbóná.

"Ẹ̀ńjíníà," ẹ̀gbọ́n mi bi mí lọ́jọ́ kan, "ìwọ tó o máa ń dé ibẹ̀, ṣé kí n máa lọ ni, àbí wọ́n máa pè mí?"

Ó yẹ kí n ní, "Ẹ máa lọ lọ́la." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé wọ́n máa kọ lẹ́tà sí yín."

"Lẹ́tà?" Ojú rẹ̀ wá ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ní wọ́n máa mú lọ sóde. "Ìyẹn dáa. Ìyẹn dáa gan-an."

Bí ojú rẹ̀ ṣe dán yẹn ló kó bá mi.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí ní ọ́fíìsì náà pé ẹ̀rọ wọn ń gbé ìwé mì. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì obìnrin kan báyìí ni ẹ̀rọ yẹn wà. Òun ló máa ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé, Màmá Sítáǹpù ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ku ọdún mẹ́ta kí òun náà fẹ̀yìn tì. Bí mo bá ti dé, á gbé àga sún mọ́ mi, á bu omi fún mi, á tún sọ fún ẹ̀rọ náà pé, "Dókítà rẹ ti dé o, má yọ wá lẹ́nu mọ́."

Mo tú ẹ̀rọ, mo fa ìwé tó há síkùn rẹ̀ jáde. Ìwé onílétàhẹ́ẹ̀dì ni, tí orúkọ ọ́fíìsì wọn wà lókè rẹ̀, wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Mo fi ọwọ́ nà án. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, mo ti tẹ̀ ẹ́ nílé wá. Mo ki ìwé náà padà sínú ẹ̀rọ, mo gbé lẹ́tà lé gíláàsì rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Màmá Sítáǹpù wo apá ọ̀dọ̀ mi.

"Mò ń dán an wò ni, Màmá."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjíníà."

Ohun tí lẹ́tà náà sọ nìyí: Ẹ kú ìfẹ̀yìntì. A ti rí orúkọ yín. Ẹ má wá sí ọ́fíìsì wa, àwa la máa pè yín. Kí á tó pè yín, ẹ ya fọ́tò mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀kan níbi tẹ́ ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan níbi tẹ́ ẹ ti ń bínú, ọ̀kan níbi tẹ́ ẹ ti ń sùn, kí dókítà lè dá yín mọ̀ ní ipòkípò. Lẹ́tà yìí kò nílò òǹtẹ̀.

Mo kọ déètì ọjọ́ náà sí i, torí pé wọ́n ti kọ́ mi ní Pólì pé lẹ́tà tí kò ní déètì kò pé.

Ì bá dáa ká ní mo dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ kó túbọ̀ jọ ti ìjọba. Mo wá fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: Bí lẹ́tà mìíràn bá dé lórúkọ wa kí á tó pè yín, ẹ má dá a lóhùn, torí àwọn oníjìbìtì pọ̀ níta.

Ìlà yẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti lẹ́tà náà sábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi.

Ètò mi ni pé tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, kí ó kó fọ́tò jáde, kí n wá sọ fún un, ká jọ rẹ́rìn-ín, kó jù mí ní bàtà. Ó ti jù mí ní bàtà rí, ó máa ń tàsé.

Ọjọ́ Sọ́ńdè pé. Ó kó wọn jáde lóòótọ́. Èyí tó ti ń bínú dà bí ẹni tó fẹ́ lu ayàwòrán. Èyí tó ti ń sùn, ó ní wọ́n ní kí òun nà sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, oorun sì gbé òun lọ tán pátápátá, wọ́n ní láti jí òun. Mo wò ó. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu pé kí n sọ ọ́, ni ìyàwó rẹ̀ bá wọlé.

"Ẹlẹ́fẹ̀ mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, "ẹ ò rí i bí ìjọba ṣe mọ̀ ọ́n ṣe! Bàbá wọn ti fi lẹ́tà yẹn han gbogbo àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì. Àwọn yẹn ń bèèrè pé kí ló dé tí tiwọn ò tíì dé."

"Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi sọ, ó gbé àyà síwájú. "Mo ní bóyá wọ́n ń wo bí èèyàn ṣe ṣiṣẹ́ sí ni."

Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Ẹ kú oríire."

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ gbé mi lọ sí ìlú mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo dé, ọ̀rọ̀ náà ti tutù lẹ́nu mi. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo wá rí i pé Sọ́ńdè pọ̀ lọ́dún. Nínú oṣù mẹ́fà, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò tán.

Mo gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe kúkú yọjú sí wọn?"

"Wọ́n ní kí n má wá."

"Àwọn ìjọba yìí máa ń gbàgbé èèyàn o."

"Ẹ̀ńjíníà, ẹni tó fẹ́ gbàgbé mi, ṣé ó máa ní kí n ya fọ́tò mẹ́ta?"

"Bóyá wọ́n ti yí ètò padà."

"Tí wọ́n bá yí i padà, wọ́n á kọ ọ́." Ó fi ọwọ́ gbá fáìlì rẹ̀. "Èmi ni mo kà á, kì í ṣe pé ẹnì kan sọ fún mi."

Èmi ni mò ń bá ara mi jiyàn yẹn, mo sì ń fìdí rẹmi. Mo máa ń bínú sí i tí mo bá ń lọ sílé. Ẹ wo ìwà! Èmi ni mo purọ́ fún un, èmi ni mo tún ń bínú pé ó gbà á gbọ́.

Ní oṣù kẹrin, lẹ́tà ìjọba gidi dé. Fóònù mi dún níbi iṣẹ́.

"Ẹ̀ńjíníà! Àwọn oníjìbìtì tí wọ́n sọ ti dé o!"

"Àwọn wo?"

"Wọ́n ní oṣù méjì ló kù fún mi, kí n wá kíákíá. Kíákíá, àbí o ò gbọ́? Wọ́n tún lu òǹtẹ̀ rẹpẹtẹ sí i. Òǹtẹ̀ méjì! Tiwa kò nílò òǹtẹ̀ rárá."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí mo tú sílẹ̀, ọwọ́ mi dúdú fún yíǹkì.

"Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ òótọ́ o."

"Òótọ́ bíi ti báwo? Ṣé lẹ́tà àkọ́kọ́ ò kìlọ̀ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n wádìí."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mo ti fi í sínú fáìlì àwọn ayédèrú."

Kò sí ohun tí mo fẹ́ wádìí. Mo rò pé oṣù méjì ṣì pọ̀. Oṣù méjì náà lọ.

Ní oṣù kẹjọ, mo lọ kí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìwé ìròyìn, ó sì tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́tí sí i. Ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹlẹ́fẹ̀ mi, ẹ bá mi wo Bàbá wọn. Wọ́n da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife láàárọ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ìfúnpá ti pọ̀ jù nínú ẹyinjú méjèèjì, ti ọ̀tún ló burú jù, ó ń pa iṣan tí èèyàn fi ń ríran. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kó sì yá.

"Èyí tó bá ti lọ, kì í padà," dókítà sọ. "Èyí tó kù la fẹ́ mú dúró. Káàdì ìlera yín dà?"

"Wọn ò tíì pè mí," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Dókítà wò mí. Mo wo bàtà mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ́fíìsì ètò náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìjókòó. Nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n fún wa, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń pè. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ara ògiri ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Fèrèsé kìíní ní ká lọ sí fèrèsé kẹrin. Fèrèsé kẹrin ti lọ jẹun. Nígbà tó dé, ó ní ṣé a ti dé fèrèsé kìíní? Ẹ̀gbọ́n mi di fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi ni mò ń pariwo.

"Irú ọ́fíìsì wo lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ fẹ́ fi ìjókòó pa àgbàlagbà!"

Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe lè bínú tó. Mò ń bá wọn wí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé fèrèsé kẹrin wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Bàbá, ẹ ti pẹ́. Oṣù kejì rèé tí àǹfààní yín ti kọjá. Ẹ máa dúró di ìgbà tá a bá tún ṣí i."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró," ẹ̀gbọ́n mi sọ.

"Àwa kẹ̀? Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ wa ló ṣì yín lọ́nà, tẹ́ ẹ sì ní ẹ̀rí nínú ìwé, a lè tún un ṣí fún yín lónìí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tú fáìlì, ó yọ lẹ́tà mi jáde. Ó wá to fọ́tò mẹ́ta náà sórí kàǹtà, ẹ̀rín, ìbínú, oorun. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa.

Akọ̀wé kà á, ó dìde, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè ni ọ̀gá yẹn. Ó kí mi, torí ó mọ̀ mí. "Ẹ̀ńjíníà, ẹ̀yin náà wà níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Mà."

Ó gbé lẹ́tà náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó mú ìwé mìíràn láti orí tábìlì, ó fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba apá ọ̀tún àwọn méjèèjì kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nǹkan kan ló ti họ inú ẹ̀rọ wọn láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀.

"Inú ọ́fíìsì yìí ni wọ́n ti tẹ lẹ́tà yìí," ó sọ. "Lára ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ Màmá Sítáǹpù."

Wọ́n pe Màmá Sítáǹpù. Ó ka lẹ́tà náà tán.

"Èmi kọ́! Mà, èmi kọ́! Ta ni mo fẹ́ ní kó ya fọ́tò oorun?" Ó wá rí mi. Gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀. "Ẹ̀ńjíníà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wà níbí. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé ẹ̀rọ mìíràn ò lè fa irú ìlà yìí ni?"

Gbogbo wọn wò mí. Èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ará, mo fi ojú ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi iṣẹ́ obìnrin yìí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò pẹ́ rárá.

Mo ní, "Ó ṣòro."

Màmá Sítáǹpù jókòó sórí àga tí wọn ò gbé fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí i, ó ń wá ojú rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa mọ́.

"Màdáámù, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ ò mọ̀ mí rí. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ọ̀gá ní ká padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ó ní tó bá dá àwọn lójú pé òṣìṣẹ́ àwọn ni, ẹ̀gbọ́n mi máa gba káàdì lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Màmá Sítáǹpù máa lọ sílé títí dìgbà náà.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ilé ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ilé ìwòsàn ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí Fráídè. Ìyàwó rẹ̀ ti di báàgì. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè é pé, "Ṣé ẹ rí i pé mi ò ju ìwé nù? Ìwé ló gbà mí."

Èmi náà ń ro tèmi. Mo ní ojú ò ní àpààrọ̀, iṣẹ́ ní. Mo ní mo mọ ọ́fíìsì púpọ̀, màá bá obìnrin náà wá iṣẹ́ mìíràn. Mo ti yan ọ́fíìsì náà lọ́kàn mi, mo ti yan tábìlì rẹ̀ pàápàá.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ó pè mí.

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ ní ó ṣòro. Ẹ ò ní kò ṣeé ṣe. Ẹ bá mi tún un wò dáadáa. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bá lé mi báyìí, èmi náà ò ní rí káàdì yẹn gbà."

"Màmá, màá tún un wò."

"Ọlọ́run á bù kún yín."

Mi ò lè jẹun lẹ́yìn ìyẹn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò pe ọ̀gá.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n kó gbogbo wa sínú yàrá ọ̀gá. Màmá Sítáǹpù wọ aṣọ ìjọsìn. Ọ̀gá gbé káàdì fẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú rẹ̀, tí igun rẹ̀ ti dọ̀tí. Ìgbà tí mo rí i ni mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi. Káàdì àtúnṣe ni. Àpò kékeré kan wà lára gbogbo ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, ibẹ̀ ló máa ń wà. Ibẹ̀ la máa ń kọ ọ́ sí, ọjọ́ tá a wá, ohun tá a tún ṣe, iye ìwé tá a fi dán ẹ̀rọ wò, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Mo ti kọ ọ́ títí tí ọwọ́ mi ń kọ ọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ mi.

"Lẹ́tà yìí ní déètì," ọ̀gá sọ. "Mo lọ wo ọjọ́ yẹn. Láti àárọ̀ tá a ti ṣílẹ̀kùn títí di aago méjì, ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ wa kankan ò lò ó títí tá a fi ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó tún un ṣe kọ ọ́ síbí pé òun fi ìwé kan dán an wò."

"Kí lorúkọ onítọ̀hún?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè, ó ti ń bínú sílẹ̀ de ẹni náà.

Ọ̀gá kà á. Orúkọ bàbá wa ló kọ́kọ́ kà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà, pẹ̀lú orúkọ tèmi tó kù.

Ẹ máa rò pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó kà á. Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi náà. Irọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe."

Kò pariwo. Ó ń fi ọwọ́ wá etí tábìlì.

"Lẹ́tà kejì ńkọ́? Èyí tó ní òǹtẹ̀ méjì?"

"Òótọ́ nìyẹn."

"Nígbà tí mo pè ọ́, o mọ̀."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Nígbà tí mo ń fẹ̀sùn kan obìnrin yìí, o mọ̀."

Ó kó ìwé rẹ̀ padà sínú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀. Ó kọjú sí Màmá Sítáǹpù. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Mo na apá sí i kí n mú un jáde, ó yẹra. Ó fi èjìká ọ̀tún gbá férémù ilẹ̀kùn, torí kò rí i.

Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá. "Mà, ẹ fi mí lé ọlọ́pàá, ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ kàn fún un ní káàdì."

"Lẹ́tà náà kì í ṣe tiwa," ó ní, ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Àwa kọ́ la ṣì í lọ́nà. Òfin ò fún mi láyè."

"Ojú rẹ̀ ń lọ, Mà."

"Ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó wọlé síbí lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Wọ́n gba iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Màmá Sítáǹpù padà sídìí tábìlì rẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo rò pé ó máa bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó ní, "Ẹ ní ó ṣòro," ó sì kọjá.

Ilé ìwòsàn fagi lé ti Fráídè. Ó gbà wá ní oṣù méjì àtààbọ̀ ká tó kó owó jọ fún iṣẹ́ abẹ náà, gbogbo wa pátá. Ojú ọ̀tún ò dúró dè wá. Wọ́n mú ti òsì dúró níbi tó dé. Ó lè rí èèyàn, ó lè rí ọ̀nà. Kò lè ka ìwé ìròyìn mọ́.

Ẹ wá gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì nílé. Ẹ má dúró de lẹ́tà kankan, ì báà jẹ́ olóǹtẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ mú un lọ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ mú ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́tò méjì dání, kó la ojú sílẹ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ wá. Ẹ bínú sí wọn bó bá yẹ, ṣùgbọ́n kí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ ẹlẹ́fẹ̀ bíi tèmi nínú yín, ẹ má fi ẹ̀fẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń ka ọjọ́ fún èèyàn.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé lọ́dún yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni mo máa mú un lọ. Kò pè mí ní Ẹlẹ́fẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ mọ́tò mi. Láti ọjọ́bọ̀ yẹn, "ẹ kú àárọ̀" mi nìkan ló máa ń dáhùn.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà. Mo fi sórí orúnkún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọjọ́ wo lẹ fẹ̀yìn tì…"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè. Ó yíjú sí bàbá kan tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, tí òun náà di fọ́ọ̀mù tiẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alàgbà, ṣé ẹ lè kàwé?"

"Mo lè kà díẹ̀. Ẹni tó jókòó tì yín ńkọ́?"

"Àbúrò mi ni."

"Ṣé òun ò kàwé ni?"

"Ó lọ sí Pólì."

Bàbá náà wò mí, ó tún wò ó. "Kí ló wá dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi kà á."

Mo na fọ́ọ̀mù náà sí bàbá yẹn. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á bí ẹni tó ń gun òkè, ó fo ìlà kan, ó ṣi ọ̀rọ̀ méjì pè. Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ó ń gbà á gbọ́.